Òfin Iṣẹ́ Òwú àti Ojú tí Ń Ṣọ́ Ọ

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹnìkan nínú wa tí kò wọ aṣọ wá sí ibi tí a péjọ sí yìí. Ṣùgbọ́n ta ni ó lè wí fún wa iye ọwọ́ tí òwú aṣọ rẹ̀ gbà kọjá kí ó tó dé ara rẹ̀? Ọ̀ràn àwọn ọwọ́ wọ̀nyí ni a fẹ́ bá yín sọ, àti ti àwọn òfin tí a ti ṣe láti dáàbò bò wọ́n.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìrànwú dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọmọ aláìníbaba àti ọmọ tálákà ni a kó fún àwọn onílé-iṣẹ́, pàápàá ní Lancashire, àwọn kan sì ń ṣiṣẹ́ títí di òru. Ní ọdún 1802, Sir Robert Peel, ẹni tí òun tìkára rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ òwú, mú òfin wá síwájú ìgbìmọ̀: ọmọ-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 12 lọ lóòjọ́, a sì ní láti kọ́ ọ ní ìwé. Òfin náà dára. Ta ni yóò ha ṣọ́ ọ? A ní kí a yan olùbẹ̀wò méjì, adájọ́ kan àti àlùfáà Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ó yẹ kí àwa onígbàgbọ́ dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ àlùfáà yìí. Iṣẹ́ mìíràn wà lọ́wọ́ rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ sì ni onílé-iṣẹ́. Ojú a máa ti ènìyàn láti fi aládùúgbò sùn. Ní ibi púpọ̀, òfin náà kò kúrò lórí ìwé.

Ní ọdún 1830, Richard Oastler kọ̀wé sí ìwé ìròhìn kan ní Leeds, ó ní ẹrú ni àwọn ọmọ tí ń bẹ nínú ilé-iṣẹ́ Yorkshire. Òfin ọdún 1833 tẹ̀lé e: ọmọ tí kò tó ọdún 9 kò gbọdọ̀ wọ ilé-iṣẹ́ òwú. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ohun tí ó tóbi jù nínú òfin náà ni àwọn olùbẹ̀wò mẹ́rin tí ìjọba ń san owó fún, tí wọ́n sì ní àṣẹ láti wọ ilé-iṣẹ́. Mẹ́rin péré!

Ní ọdún kan náà ni ìgbìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú ní àwọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ọba wọn. Síbẹ̀, òfin méjèèjì kò dé oko Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọmọ Áfíríkà ti ń ká òwú tí Lancashire ń ràn.

Henry Venn, akọ̀wé Ẹgbẹ́ CMS, àti Thomas Clegg, oníṣòwò Manchester, fẹ́ kí òwú Abẹ́òkúta rọ́pò òwú ẹrú. Lẹ́yìn ọdún 1850 wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń ya kóró kúrò lára òwú ránṣẹ́ síbẹ̀. Henry Robbin kọ́ iṣẹ́ náà ní Manchester, ó sì padà wá bójú tó o ní Abẹ́òkúta. A kò gbọdọ̀ fi òtítọ́ pamọ́: àwọn Ẹ̀gbá pẹ̀lú ní ẹrú àti ìwọ̀fà lóko, kò sì sí olùbẹ̀wò tí ó ń béèrè ọwọ́ ẹni tí ó ká òwú tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó.

Lónìí Lancashire ti kógbá sílé, Bangladesh sì ni a ti ń rán púpọ̀ nínú aṣọ ayé. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé kan tí a ń pè ní Rana Plaza wó ní ẹ̀bá Dhaka, ó pa ènìyàn tí ó ju 1,100 lọ. Ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, wọ́n ti rí i pé ògiri lanu. Báǹkì tí ó wà nínú ilé náà rán àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé. A pe àwọn aránṣọ padà sẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù karùn-ún, àwọn oníṣòwò aṣọ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí àdéhùn pé olùbẹ̀wò tí kì í ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ onílé-iṣẹ́ ni yóò máa yẹ ilé wò, a ó sì tẹ ohun tí ó bá rí jáde fún gbogbo ènìyàn.

Ní ọdún 2021, Jámánì ṣe òfin pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá máa wádìí bí àwọn tí ń tà fún wọn lókèèrè ti ń lo òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí a ti kọ òfin náà, ẹni tí ó tà fún wọn tààrà ni ìwádìí náà kàn. Ní ti oko òwú tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àfi bí ìròhìn tí ó dájú bá kàn wọ́n létí ni ó tó di dandan fún wọn láti wádìí.