Memories of Murder: Nígbà tí ọlọ́pàá ń wá apànìyàn láàárín àwọn aláìṣẹ̀

Memories of Murder ni orúkọ tí gbogbo ayé fi mọ fíìmù kan tó jáde ní Gúúsù Kòríà lọ́dún 2003. Bong Joon-ho ló darí rẹ̀, ẹni tó padà gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar lọ́dún 2020 pẹ̀lú fíìmù Parasite. Àwọn tó wò ó nílé sinimá ní Kòríà lé ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, àmọ́ kò parí bí irú rẹ̀ ṣe máa ń parí, nítorí àwọn ọlọ́pàá inú rẹ̀ kò rí ọ̀daràn mú.

Lọ́dún 1986 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n rí òkú obìnrin kan nínú kòtò omi lẹ́bàá oko ìrẹsì. Park Doo-man, ọlọ́pàá ìgbèríko tí òṣèré Song Kang-ho ṣe, gbàgbọ́ pé bí òun bá ti wo ojú èèyàn, òun yóò mọ̀ bóyá ọ̀daràn ni. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí làákàyè rẹ̀ kò pé. Òun àti ẹnì kejì rẹ̀ lù ú, wọ́n kọ́ ọ ní ohun tí yóò jẹ́wọ́, Park sì fi bàtà rẹ̀ tẹ ilẹ̀ kí ó lè dà bíi pé ó dé ibi ìṣẹ̀lẹ̀ náà.

Seo Tae-yoon, tí Kim Sang-kyung ṣe, dé láti Seoul. Ní tirẹ̀, ìwé ìwádìí kì í purọ́. Òun ló ṣàlàyé pé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà, tó ní àbùkù, kò lè ta irú kókó tí apànìyàn ta. Wọ́n wá rí i pé alẹ́ òjò ni apànìyàn náà máa ń jáde. Ọlọ́pàá obìnrin kan ló kíyè sí i pé ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnì kan a máa ní kí rédíò gbé orin kan náà sáfẹ́fẹ́.

Orin yìí ló tọ́ka sí òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ kan tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, gẹ́gẹ́ bí obìnrin kan tó bọ́ lọ́wọ́ apànìyàn ṣe ròyìn. Wọ́n fi ohun tí wọn yóò fi ṣe àyẹ̀wò DNA ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, nítorí kò sí ẹ̀rọ rẹ̀ ní Kòríà. Kí èsì tó dé, wọ́n tún pa ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan. Seo wọ́ afurasí náà lọ síwájú ihò tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá, ó ń lù ú. Èsì dé, kò bá tọkùnrin náà mu. Síbẹ̀, Seo tó gbára lé ìwé ló yọ ìbọn. Park tó gbára lé ojú ló dá a dúró. Bí gbogbo àmì bá tọ́ka sí ẹnì kan, tí ẹ̀rí kò sì sí, ṣé ó tó láti pè é ní ẹlẹ́ṣẹ̀?

Ìṣẹ̀lẹ̀ gidi ni wọ́n gbé ìtàn náà kà. Láàárín 1986 sí 1991, obìnrin mẹ́wàá ni wọ́n pa ní agbègbè Hwaseong. Ìgbà ìjọba Chun Doo-hwan, ọ̀gágun tó fipá gbàjọba, ló bẹ̀rẹ̀. Fíìmù náà kò fi èyí pa mọ́: lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n nílò ìrànlọ́wọ́, àwọn ọlọ́pàá tó yẹ kó wá ti lọ tú àwọn tó ń ṣe ìwọ́de ká.

Níparí fíìmù náà, Park kọjú sí òǹwòran tààrà. Bong ṣàlàyé pé òun ṣe é bẹ́ẹ̀ nítorí apànìyàn náà lè wà lára àwọn tó ń wò ó. Lọ́dún 2019, àyẹ̀wò DNA tú àṣírí Lee Choon-jae, tó ti wà lẹ́wọ̀n láti ọdún 1994 nítorí pé ó pa àbúrò ìyàwó rẹ̀. Ó jẹ́wọ́, ó sì sọ nílé-ẹjọ́ lọ́dún 2020 pé òun ti wo fíìmù náà, àmọ́ kò ká òun lára.

Yorùbá ní ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ní Hwaseong, ọjọ́ olóhun pẹ́ jù. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí òfin fi sílẹ̀ láti gbé apànìyàn lọ sílé-ẹjọ́ ti pé lọ́dún 2006, wọn kò sì lè bá Lee ṣẹjọ́ lórí àwọn òkú náà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti bá a jìyà ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ọlọ́pàá fìyà jẹ ọkùnrin kan títí ó fi jẹ́wọ́, ó sì lo nǹkan bí ogún ọdún lẹ́wọ̀n. Oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ilé-ẹjọ́ tó kéde pé kò mọwọ́mẹsẹ̀.