Ọwọ́ Bàtá: Láti Ọjà Àpòmù Dé Havana

Ataare ni wọ́n ní ó dá ìjà sílẹ̀ ní ọjà Àpòmù. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ nípa àwọn Yorùbá jáde ní 1921, ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ọmọ Òwu àti ọmọ Ìjẹ̀bú ń jiyàn lórí iye ataare tó wà nínú òkìtì kan, ọ̀rọ̀ bá di iṣu ata yán-an-yàn-an. Òwò ẹrú sì ti ń kó ìbínú jọ sí ọjà ọ̀hún tẹ́lẹ̀. Ogun Òwu bẹ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí 1820, òmíràn tẹ̀ lé e, títí Ọ̀yọ́-Ilé fi tú. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà náà bá ara wọn ní Kúbà. Onílù wà lára wọn.

Ibẹ̀ ni ìtàn ọwọ́ bàtá ti yà sí méjì.

Fernando Ortiz, onímọ̀ ọmọ Kúbà, kọ ọ́ pé ọmọ Yorùbá méjì, Añabí àti Atandá, ló gbẹ́ bàtá àkọ́kọ́ tó ní àṣẹ ní Havana ní nǹkan bí 1830. Lọ́hùn-ún, onílù a máa jókòó, a gbé ìlù lé itan, ọwọ́ méjèèjì lófìfo ni yóò sì fi lù ú. Nílé níbí, ọrùn ni wọ́n ń fi ọ̀já gbé ìyáàlù bàtá kọ́. Ọwọ́ ọ̀tún lófìfo wà fún ojú òjò, ojú tó fẹ̀. Bílálà, awọ líle gbọọrọ, wà lọ́wọ́ òsì fún ṣáṣá, ojú kékeré.

Ọwọ́ ọ̀tún yìí ló le kọ́ jù. Bó bá balẹ̀ tó sì ká kúrò kíá, ohùn á jáde kedere. Bí ìka bá tẹ̀ mọ́ awọ, ohùn á kú síbẹ̀. Ìwọ̀nyí pẹ̀lú pàṣán bílálà ni onílù yóò pa pọ̀ kó tó rí ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Onídùndún kò ní wàhálà yẹn: bó bá fún ọṣán, ohùn á gòkè, bó bá dẹ̀ ẹ́, á wálẹ̀. Wàhálà ọwọ́ bàtá yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní akólòlò. Ká sòótọ́, etí ẹni tí kò kọ́ ọ ló yẹ kí wọ́n fẹ̀sùn kàn.

Ọmọ Àyàn, ọmọ ìdílé onílù, kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ìyáàlù. Omele, bàtá kékeré, ni wọ́n ń gbé fún un, tí yóò máa lù tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lóde egúngún àti lọ́dún Ṣàngó, tí yóò máa fi ẹnu pe ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló kan oríkì ìdílé-ìdílé, nítorí ọwọ́ tó yá tí kò ní oríkì nínú, ariwo lásán ni.

Ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, lẹ́bàá Òṣogbo, ẹ̀kọ́ yìí gbilẹ̀. Ibẹ̀ ni Làmídì Àyánkúnlé ti wá, ẹni tó bá Ulli Beier, onímọ̀ ọmọ Jámánì, ṣiṣẹ́, tó sì gbé bàtá dé Jámánì. Debra Klein, ọmọ Amẹ́ríkà, wá bá àwọn onílù ibẹ̀ gbé. Ìwé rẹ̀ lórí bàtá jáde ní 2007. Amanda Villepastour kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Rábíù Àyándòkun, ọmọ ìlú kan náà, ó sì tú bí ọwọ́ ṣe ń di ọ̀rọ̀ palẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀ ní 2010.

Ìpínlẹ̀ kan náà ni Àpòmù àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun wà. Ẹni tó ti òkè òkun wá wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó dé Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin tí ọmọ yín kì í yé lu tábìlì nílé, ẹ mú un lọ síbẹ̀ nígbà ìsinmi ilé-ìwé.