Ohun tó pa iná ojú ní Òde-Ìrèlè

Oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ikú wọ Òde-Ìrèlè ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Orí á fọ́, ojú á ṣú, ẹni náà ò ní mọ nǹkan kan mọ́. Kí ọjọ́ kan tó pé, ó ti lọ. Wọ́n ju mẹ́tàdínlógún lọ. Àwọn kan ní Málòkun ló ń bínú, pé wọ́n já wọ ojúbọ rẹ̀. Àjọ WHO kọ́kọ́ fura sí oògùn apakoríko. Nígbà tí àyẹ̀wò dé, ògógóró ni: mẹtanọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ojú? Ní 1952, Hodgkin àti Huxley ṣàlàyé pé iná inú iṣan wa kò dà bíi ti wáyà NEPA. Sódíọ̀mù ló ń ya wọ inú sẹ́ẹ̀lì láti ẹnu ọ̀nà tíntìntín ara awọ rẹ̀, potásíọ̀mù á sì jáde. Ní 1957, Jens Skou ará Dẹ́ńmáàkì rí pọ́ǹpù tó ń dá wọn padà: sódíọ̀mù 3 síta, potásíọ̀mù 2 wọlé. Pọ́ǹpù yẹn ń jẹ epo o, bíi jẹnẹrétọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni mẹtanọ́ọ̀lù ti ṣọṣẹ́. Ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ásíìdì formic, èyí tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì fi ọ́síjìn ṣe epo. Pọ́ǹpù á dákẹ́. Iṣan ojú sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n lára.

A ò bá ẹni tó dárúkọ Málòkun jà. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ ò ríran mọ́ láàárọ̀, tó kú lálẹ́, kí la fẹ́ kó rò? Ọtí gidi, ethanol, wà lára ohun tí dókítà fi ń tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, torí òun ni ẹ̀dọ̀ máa ń kọ́kọ́ dojú kọ, tí á fi mẹtanọ́ọ̀lù sílẹ̀.