Ta Ló Ni Ẹnu Kọ̀ǹpútà?

Ongar, ní Dublin 15, kì í ṣe àdúgbò àtijọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sin ẹṣin ìje ni tẹ́lẹ̀, Ongar Stud, tó fìgbà kan wà lọ́wọ́ Aga Khan, kí àwọn akọ́lé tó dé, tí wọ́n sì fi ilé, ṣọ́ọ̀bù àti ilé-ìwé kún pápá náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Àwọn ọmọ Nàìjíríà, tí Yorùbá pọ̀ nínú wọn, wà lára àwọn tó kó wá sí Dublin 15 lákòókò náà. Ẹni tó bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ Ireland síwájú yóò rí nǹkan mìíràn: ọgbà IBM wà ní Mulhuddart lápá kan Ongar, ilé-iṣẹ́ Intel tó ti dé láti 1989 sì wà ní Leixlip lápá kejì. Àwọn méjèèjì wà nínú ilé-iṣẹ́ márùn-ún tó dá ẹgbẹ́ Bluetooth sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 1998. Ericsson, Nokia àti Toshiba ni mẹ́ta yòókù. Mi ò sọ pé Mulhuddart tàbí Leixlip ni wọ́n ti hùmọ̀ Bluetooth o. Lund ní Sweden, lọ́dọ̀ Ericsson, ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Àmọ́ àdúgbò yìí àti ìmọ̀ ẹ̀rọ yìí jọ dàgbà ni, ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí fóònù àwọn ará ibẹ̀ ní 2020 ló tan ìmọ́lẹ̀ jù lọ sí ìbéèrè kan tó ti wà nílẹ̀ tipẹ́: nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ní rédíò tó lè fi kéde ara rẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ tó yí i ká, ta ló ń pinnu bóyá yóò kéde tàbí yóò panu mọ́? Èmi ní tèmi gbà pé rédíò kọ́ ló ń pinnu rẹ̀. Àwọn tó ni sọ́fítíwià tó ń darí ẹ̀rọ náà ni, wọ́n sì ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Nínú Bluetooth àkọ́kọ́, kọ̀ǹpútà tàbí fóònù ló sábà máa ń ṣe ọ̀gá. Máòsì, kíbọ́ọ̀dù àti ohun tí à ń fi sétí a máa tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Nokia bẹ̀rẹ̀ sí í wá rédíò tí kò ní máa jẹ bátìrì ní 2001, ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ ló wà lọ́kàn wọn: aago ọwọ́, ẹ̀rọ tó ń ka bí ọkàn ṣe ń lù. Wọ́n pè é ní Wibree nígbà tí wọ́n gbé e jáde ní October 2006. Ẹgbẹ́ Bluetooth gbà á wọlé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìlànà Bluetooth 4.0 ti ọdún 2010 sì sọ ọ́ di Bluetooth Low Energy. Oorun ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kéde, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní peripheral, yóò jí, yóò sọ ọ̀rọ̀ tí kò ju báìtì 31 lọ lórí ọ̀nà mẹ́ta nínú ogójì tí rédíò náà ní, yóò sì padà sùn. Ó lè jẹ́ ìgbà àádọ́ta ni yóò jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá; ìdí nìyẹn tí bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 kan fi lè gbé e fún oṣù púpọ̀. Èyí tó ń wá a kiri, tí wọ́n ń pè ní central, ló ń la etí sílẹ̀, òun náà ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ìsopọ̀. Ọ̀rọ̀ oníkiri àti oníbàárà ni: ẹni tó ń ta ọjà a ké, ẹni tó bá fẹ́ rà a pè é wọlé. Kò sì sí ibì kan nínú ìlànà 2010 yẹn tó ti sọ pé ẹ̀rọ ńlá kò gbọdọ̀ kiri. Kọ̀ǹpútà lè ṣe bí ẹni pé òun ni ẹ̀rọ ọkàn, kí ẹni tó ń kọ áàpù fi dán iṣẹ́ rẹ̀ wò kó tó náwó sórí òjúlówó. Kọ̀ǹpútà àti fóònù lè fi í bára wọn sọ̀rọ̀ níbi tí kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wá wo bí ọdún ṣe tò. Mac mini àti MacBook Air ti ní rédíò 4.0 nínú láti 2011, iPhone 4S sì tẹ̀ lé wọn lọ́dún kan náà. Ọdún 2012, pẹ̀lú iOS 6, ni Apple tó gbà kí áàpù sọ iPhone di ẹ̀rọ tó ń kéde; Mac ní láti dúró de October 2013. Android 4.3 ti ọdún 2013 lè gbọ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ, Android 5.0, ní ìparí 2014, ló la ẹnu rẹ̀. Windows 8 ti ń gbọ́ Bluetooth Low Energy láti 2012, síbẹ̀ ó di April 2017, nígbà tí Windows 10 Creators Update dé, kí áàpù tó lè fi kọ̀ǹpútà Windows ṣe peripheral tó ní iṣẹ́ tó ń jẹ́ fún ẹlòmíràn. Ó lé ní ọdún mẹ́rin. Láwọn ọdún wọ̀nyẹn, rédíò tó lè sọ̀rọ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà Windows káàkiri ayé, áàpù kò sì lè fi í ṣe irú peripheral bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè sọ pé irin náà ni kò tíì gbó. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí Android 5.0 jáde, Google sọ pé àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń jẹ́ Nexus 4, 5 àti 7 kò ní rí àǹfààní náà lò nítorí ṣíìpù tó wà nínú wọn, Nexus 6 àti Nexus 9 nìkan ló máa lè lò ó. Mo gba ti Nexus. Àmọ́ Linux ń tako àlàyé yìí tó bá kan kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ láàpútọ́ọ̀pù tí áàpù kò lè fi ṣe peripheral lábẹ́ Windows ló ń ṣe é bí wọ́n bá ti fi Linux sí i, láìpààrọ̀ ohunkóhun nínú rẹ̀, nítorí pé BlueZ, tó ń darí Bluetooth níbẹ̀, kò dí ọ̀nà náà pa. Sandeep Mistry kọ sọ́fítíwià kan, bleno, tó jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ JavaScript díẹ̀ lè fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ náà kò gùn: wàá fún iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ fẹ́ ṣe ní nọ́ńbà, wàá to àwọn nǹkan tí ẹlòmíràn lè kà tàbí kọ sínú rẹ̀, wàá fún un lórúkọ, wàá sì ní kó bẹ̀rẹ̀ sí í kéde. Ibi tí ó ti ń dun ni báìtì 31 yẹn. Bí nọ́ńbà iṣẹ́ náà bá jẹ́ ti ara ẹni, tí kì í ṣe èyí tí ẹgbẹ́ Bluetooth pín, òun àti àwọn àmì tó ń ṣáájú rẹ̀ yóò jẹ báìtì 21. Nínú mẹ́wàá tó kù, méjì ni àmì orúkọ, orúkọ fúnra rẹ̀ wá ku mẹ́jọ. "Ọ̀ṣun", pẹ̀lú àmì orí àti ìsàlẹ̀ rẹ̀, jẹ́ báìtì mẹ́wàá. Orúkọ onílẹ́tà mẹ́rin kò gba ibẹ̀ kọjá, àfi kí wọ́n sún un sínú ìkéde kejì tí ẹ̀rọ máa ń fi fèsì fún ẹni tó bá béèrè.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ààbò: ẹ̀rọ tó bá ń ké láìdákẹ́, ẹnikẹ́ni lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe asán. Ṣùgbọ́n àwọn tó kọ ìlànà 2010 ti rí i tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti fi ọ̀nà sí i kí ẹ̀rọ lè máa pààrọ̀ àdírẹ́sì rẹ̀ lóòrèkóòrè, kí àjèjì má bàa dá a mọ̀. Ti bátìrì sì rèé, a lè gbà á fún fóònù. Kí ni kọ̀ǹpútà tó ń gba iná lára ògiri fẹ́ fi ṣe àwáwí?

Ọdún 2020 ló wá tú gbogbo rẹ̀ síta. Àrùn kòrónà dé, ìjọba púpọ̀ sì fẹ́ kí fóònù máa kéde kí ó sì máa gbọ́, kí wọ́n lè mọ ẹni tó sún mọ́ ẹni tó ti kó àrùn. Singapore kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde ní March, ó sì pàdé ìṣòro kan: iPhone tí áàpù náà kò bá sí lójú rẹ̀ kì í kéde dáadáa, torí pé Apple ti há ohun tí áàpù lè sọ nígbà tó bá wà lẹ́yìn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dán tiwọn wò ní Isle of Wight ní May, wọ́n bá ògiri kan náà pàdé, wọ́n sì pa á tì ní June. Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù April ni Apple àti Google kéde pé àwọn yóò jọ ṣí ọ̀nà kan; nígbà tó máa fi di ogúnjọ́ oṣù May, wọ́n ti ṣí i. Ohun tí ìjọba méjì kò rí ṣe ni ilé-iṣẹ́ méjì yìí ṣe tán láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, nínú fóònù tó ti wà lápò àwọn èèyàn tẹ́lẹ̀. Ó ní májẹ̀mú: ilé-iṣẹ́ ìlera ìjọba nìkan ló lè lò ó.

HSE, àjọ ìlera Ireland, gba májẹ̀mú náà. NearForm ní Tramore, ní agbègbè Waterford, ló kọ áàpù COVID Tracker fún wọn, ó jáde ní ọjọ́ keje oṣù July, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan sì gbà á láàárín ọjọ́ díẹ̀. Fún àdúgbò bí Ongar, tó jẹ́ pé bọ́ọ̀sì 39A ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sí àárín ìlú, ìyẹn túmọ̀ sí pé fóònù tó pọ̀ gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí ìjókòó, tí nọ́ńbà tí wọ́n ń ké sì ń yí padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún. Akéde lásán ni wọ́n, wọn kì í gba ìsopọ̀. Ní August, bátìrì àwọn tó ń lo Android bẹ̀rẹ̀ sí í tán kíákíá, fóònù sì ń gbóná; èèyàn púpọ̀ yọ áàpù náà kúrò. Inú Google Play Services ni àléébù náà wà. Tramore kò lè tún un ṣe, HSE kò lè tún un ṣe. Wọ́n dúró de Google. Lọ́dún kan náà ni Douglas Leith àti Stephen Farrell ti Trinity College kó fóònù sínú irú ọkọ̀ ojú irin ìgboro tí wọ́n ń lò ní Dublin láti dán ọgbọ́n náà wò. Nǹkan bí ìdajì fóònù tí wọ́n tò ní méjìméjì kò jìnnà síra wọn ju mítà méjì lọ, síbẹ̀ òfin tí Switzerland àti Jámánì ń lò kò rí ẹyọ kan nínú wọn. Ti Ítálì rí ìdajì, ó sì tún fi ẹ̀sùn èké kan ìdajì àwọn tó jìnnà. Irin ara ọkọ̀ ń da ìró rédíò padà. Ìjọba lè yí òfin tirẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí Apple àti Google bá gbé lé e lọ́wọ́ nìkan ló lè fi ṣe é.

Àwọn kan yóò sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Bí kì í bá ṣe àwọn ilé-iṣẹ́ méjì náà, ìjọba mìíràn ì bá ti kó orúkọ gbogbo ẹni tó bára wọn jókòó jọ sínú àká kan. Mo gbà pé àbájáde rẹ̀ dára ní Ireland: àkọsílẹ̀ wà lórí fóònù olúkúlùkù, HSE sì gbé kóòdù áàpù náà síta kí ayé lè kà á. Ohun tí mi ò gbà ni pé rere tó ti ọwọ́ ẹnì kan wá fi hàn pé ọwọ́ ẹni náà ló yẹ kí agbára wà. Apple ti ní ilé-iṣẹ́ ní Cork láti 1980, Microsoft ti wà ní Dublin láti 1985, Google láti 2003. Ireland gbà wọ́n lálejò, ó ń gba owó orí lọ́wọ́ wọn, àjọ ìlera rẹ̀ sì tún ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ California kí fóònù ọmọ Ireland tó lè ké.

Kò tíì yàtọ̀ púpọ̀ lónìí. Lórí Windows, áàpù ṣì ní láti kọ́kọ́ béèrè bóyá rédíò inú kọ̀ǹpútà náà gbà láti ṣe peripheral, ìdáhùn náà sì lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Lórí iPhone, áàpù tó bá kúrò lójú ṣì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjánu. Chrome sì ti ń jẹ́ kí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì wá ẹ̀rọ Bluetooth kàn láti 2017, kó kà á, kó kọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò tíì sí ojú-ewé kan tó lè ní kí kọ̀ǹpútà tó gbé e kéde ara rẹ̀.