Fífi Jíìpù Ìdílé Fa Ọkọ̀ Àfà ní Ìpínlẹ̀ Èkó

Ọkọ̀ àfà ni a ń pe ohun tí ó ní táyà ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí a ní láti so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn kí ó tó lè rìn. Ẹ̀rọ amúnáwá ńlá tí a ń gbé lọ sí òde àríyá, ọkọ̀ ojú omi kékeré, àgbá omi àti ìsọ̀ oúnjẹ alátáyà wà lára wọn. Ilé alátáyà tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń rìnrìn àjò ìsinmi kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni ó de gbogbo wọn.

Ẹni tí ó bá ti Ifákọ̀, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Kòsọ̀fẹ́, forí lé Erékùṣù Èkó kò ní pẹ́ gun Afárá Third Mainland. Afárá náà, tí a ṣí tán pátápátá ní ọdún 1990, gùn tó kìlómítà 11 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Orí ọ̀sà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ níbẹ̀, ọkọ̀ sì ń rọ́ tẹ̀ lé ara wọn. Kì í ṣe ibẹ̀ ni ó yẹ kí awakọ̀ ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ẹrù ẹ̀yìn ti ju agbára ọkọ̀ òun lọ. Ilé ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwọ̀n tí jíìpù lè fà

Agbára ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ni a ń wò. Ẹ́ńjìnnì lè wọ́ ẹrù kan kúrò nílẹ̀, kí bíréèkì má sì lè dá a dúró. Inú ìwé ìtọ́ni tí ó bá ọkọ̀ wá ni a ti ń rí ìwọ̀n tí ó lè fà. Jíìpù méjì tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà lè yàtọ̀ síra, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ti aládùúgbò rẹ̀ ṣe òdiwọ̀n.

Kí ẹni tí ó ra tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà ṣọ́ra gidigidi. Pọ́n-ùn, tí àmì rẹ̀ jẹ́ lb, ni wọ́n sábà máa ń kọ, kì í ṣe kìlógírámù. Pọ́n-ùn 5,000 kò ju nǹkan bíi kìlógírámù 2,270 lọ.

Ìdílé náà jẹ́ ẹrù

Ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ ń gbàgbé nìyí. Orí ọkọ̀ àfà ń tẹ ẹ̀yìn jíìpù mọ́lẹ̀, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ yìí sì wà lára ẹrù tí jíìpù gbé. Ó yẹ kí ó jẹ́ ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n ọkọ̀ àfà náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣe é. Bí àkọlé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀ bá sọ pé àpapọ̀ ènìyàn àti ẹrù kò gbọdọ̀ ju kìlógírámù 600 lọ, tí ènìyàn 7 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kìlógírámù 65 sì jókòó, 455 ti lọ. Bí ọkọ̀ àfà bá wọn 1,200, orí rẹ̀ yóò tẹ̀ tó 120, ó kéré tán. Ó ku kìlógírámù 25 péré fún gbogbo àpò àti oúnjẹ. Ìdílé tí ẹrù rẹ̀ bá ju èyí lọ ní láti dín ẹrù kù tàbí kí àwọn kan wọ ọkọ̀ mìíràn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ rántí pé lítà omi kan jẹ́ kìlógírámù kan. Àgbá omi tí kò kún sì léwu lọ́nà tirẹ̀, nítorí omi inú rẹ̀ yóò máa rọ́ síwá sẹ́yìn.

Kí ẹ tó kúrò nílé

• Ẹ to ẹrù tí ó wúwo sórí ibi tí táyà wà, kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ sì dè é pinpin. Bí ìdí bá wúwo ju orí lọ, ọkọ̀ àfà yóò máa jù bí ìrù.
• Ẹ rí i pé ẹnu ọkọ̀ àfà gbé bọ́ọ̀lù irin ẹ̀yìn jíìpù mì dáadáa, kí ẹ sì tì í.
• Ẹ fi ẹ̀wọ̀n méjì kọ́ra lábẹ́ ìsopọ̀ náà, kí ó lè gba orí ọkọ̀ àfà dúró bí ìkọ́ bá já. Okùn kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.
• Ẹ yẹ iná bíréèkì, iná ìyànà àti iná alẹ́ wò.
• Ẹ yẹ afẹ́fẹ́ táyà wò, àti ọjọ́ orí rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tí ó gbẹ̀yìn àkọlé DOT ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí a ṣe é. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.
• Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọkọ̀ àfà tí ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá lè ju kìlógírámù 750 lọ gbọ́dọ̀ ní bíréèkì tirẹ̀. Òdiwọ̀n tí ó dára ni èyí fún àwa náà.

Lójú ọ̀nà

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jókòó sínú ọkọ̀ àfà tàbí kí ó dúró lé e. Ẹ rọra sáré, kí ẹ sì fi àyè ìlọ́po méjì sílẹ̀ sí ọkọ̀ iwájú. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí afárá, ẹ ti dín eré kù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń yà, ẹ ya jìn díẹ̀, nítorí táyà ọkọ̀ àfà kì í tọ ipa táyà jíìpù.

Bí ọkọ̀ àfà bá bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún sósì, ẹ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì, ẹ má sì ṣe sáré sí i. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ di ìdarí ọkọ̀ mú gírígírí, ẹ jẹ́ kí eré náà rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí kò léwu dúró sí, kí ẹ tún ẹrù tò.

Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́

Ẹ tan iná ìkìlọ̀, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn ọkọ̀ àfà, kì í ṣe sẹ́yìn jíìpù. Ẹ kó àwọn ọmọ jáde sí ẹ̀gbẹ́ tí ọkọ̀ kì í gbà. Nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó ni 112 àti 767. 122 ni ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀.