Screen láptọ́ọ̀pù àlòkù: ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó náwó

Láptọ́ọ̀pù lè kú kí ojú rẹ̀ má kú. Bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ lè jóná, kí screen ṣì dára gan-an. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó fẹ́ràn àtimáa to ẹ̀rọ nílé fi ń yọ ọ́, tí wọ́n ń lò ó fún Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà kékeré tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju káàdì ATM lọ, tí kì í bá screen wá.

Screen yẹn ò lè dá ṣiṣẹ́ o. Driver board ló máa dúró láàárín: wáyà HDMI á wọ ẹ̀gbẹ́ kan, wáyà screen á wọ èkejì. Ibẹ̀ lowó ti ń ṣòfò, torí bọ́ọ̀dù kan ò bá gbogbo screen mu.

Ẹ yí screen padà, ẹ ó rí nọ́ńbà bíi LP156WH2 lẹ́yìn rẹ̀. LP ń sọ pé LG ló ṣe é. 156 túmọ̀ sí íǹṣì 15.6. Nọ́ńbà yìí ni kí ẹ fún ẹni tó ń ta bọ́ọ̀dù. Ẹ má kàn sọ pé "ti HP ni", torí irú láptọ́ọ̀pù kan náà lè gbé screen ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. LVDS ni LP156WH2 ń lò. Àwọn tuntun ti bọ́ sí eDP. Àwọn méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn.

Ó tún ku iná. Bọ́ọ̀dù sábà máa ń gba 12V, ṣùgbọ́n 3.3V ni ọ̀pọ̀ screen láptọ́ọ̀pù ń jẹ. Jumper kékeré kan ló ń yan èyí tó máa kọjá. Bó bá wà lórí 12, screen yín ti lọ nìyẹn.

Èyí tó lè ṣe èèyàn léṣe ni ti láptọ́ọ̀pù àtijọ́, àwọn tó jáde kí LED tó gbòde. Gílóòbù tín-ín-rín ló ń tàn lẹ́yìn wọn, iná tó máa ń ju 500V lọ sì ni inverter ń fún un. Ẹ má fọwọ́ kàn án tí iná bá wà lórí rẹ̀. Mercury wà nínú gílóòbù yẹn, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má sun ún.

Ti fóònù ìgbàlódé ńkọ́? Lójú tèmi, ẹ fi sílẹ̀. MIPI ni wọ́n sábà ń lò, bọ́ọ̀dù tó bá a mu sì ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n Nokia 5110 ti 1998 yàtọ̀: pixel 84 ní ìbú, 48 ní gíga, kóòdù Arduino fún chip PCD8544 inú rẹ̀ sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá ń rà á ní Computer Village, Ìkẹjà, ẹ ní kí wọ́n tan láptọ́ọ̀pù kí wọ́n tó tú u. Bí kò bá tàn mọ́, kí wọ́n so screen mọ́ òmíràn tó ń lo irú ẹ̀ kan náà, kí ẹ fojú ara yín rí i.