Òkè Parvati àti Àwọn tí A Tìlẹ̀kùn Mọ́ Síta

Ní ìlú Pune, ní apá ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Íńdíà, òkè kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Parvati. Àtẹ̀gùn òkúta 103 ni ènìyàn yóò gùn kí ó tó dé ojúbọ orí rẹ̀. Ti Shiva, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà àgbà ẹ̀sìn Híńdù, ni ojúbọ náà. Orúkọ aya rẹ̀ ni òkè ń jẹ́. Bí a bá dúró níbẹ̀, gbogbo ìlú ni a ó máa wò nísàlẹ̀.

Nanasaheb Peshwa ni ó kọ́ ojúbọ yìí ní ọdún 1749. Peshwa ni oyè olórí àwọn ìjòyè ọba Maratha, ṣùgbọ́n nígbà ayé Nanasaheb, agbára ìjọba ti bọ́ sí ọwọ́ Peshwa fúnra rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wí pé ẹsẹ̀ ni ó ń dun Kashibai, ìyá Nanasaheb. Ó bẹ òrìṣà orí òkè náà, ara rẹ̀ sì yá. Ìdí nìyẹn tí ọmọ rẹ̀ fi kọ́ ojúbọ ńlá síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí òkè ọpẹ́ fi di òkè ọ̀fọ̀. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 1761, ogun Maratha fọ́ ní Panipat, ní ìhà àríwá. Vishwasrao, ọmọ Nanasaheb, kú sójú ogun. Nígbà tí ó di oṣù Kẹfà ọdún náà, Nanasaheb pàápàá kú lórí òkè Parvati. Ní ọdún 1817 ẹ̀wẹ̀, orí òkè yìí kan náà ni Bajirao Kejì, Peshwa ìkẹyìn, dúró sí tí ó ń wo bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní Khadki.

Bí a bá fi ìtàn mọ sórí àwọn ọba, a ti fi èyí tí ó jinlẹ̀ jù sílẹ̀. Àṣà ìran-ìran ilẹ̀ Íńdíà ka àwọn kan sí aláìmọ́, tí ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ fara kàn. Dalit ni ọ̀pọ̀ wọn ń pe ara wọn lónìí. Wọn kò gbọdọ̀ wọ ojúbọ. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 1929, àwọn Dalit ìlú Pune àti àwọn alátìlẹyìn wọn lọ sí òkè Parvati láti wọlé jọ́sìn. Wọn kò mú ohun ìjà dání. Òkúta ni àwọn alátakò fi pàdé wọn, a kò sì ṣílẹ̀kùn fún wọn. Ní oṣù Kẹta, ọdún 1930, Ọ̀mọ̀wé B. R. Ambedkar ṣáájú irú ìjà kan náà ní ojúbọ Kalaram ní ìlú Nashik.

Òfin ìpínlẹ̀ Bombay ti ọdún 1947 ni ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ àtiwọ ojúbọ. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1950, tí Ambedkar jẹ́ alága ìgbìmọ̀ tí ó kọ ọ́, sì fòpin sí ìkàsí-aláìmọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1989, ìjọba tún ní láti ṣòfin mìíràn lórí ìwà ìkà tí a ń hù sí àwọn Dalit.

Iye àtẹ̀gùn kan náà ni ó wà fún gbogbo ènìyàn. Kashibai tí ẹsẹ̀ ń dùn rí ọ̀nà dé iwájú òrìṣà. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le koko ni a dí lọ́nà. Ẹni tí ó bá gun òkè Parvati, tí ó sì wọ inú ojúbọ rẹ̀ láìsí ìdíwọ́, kí ó rántí pé àwọn kan gba òkúta sára kí ilẹ̀kùn náà tó ṣí.